Àyè Tí Kò Yọ Nínú Kọ̀ǹpútà

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tí obìnrin náà máa sọ ọ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn. Ìwé kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n sì ti fi bírò lé e lórí. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ: pé nígbà tí òun ń wá àyè nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ilé iṣẹ́ yìí, kí òun lè gbé ètò tuntun sí i, òun ṣèèṣì pa gbogbo àwòrán àyà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́, pé kò sẹ́ni tó rán òun, pé òun ń tọrọ àforíjì.

Máníjà ilé iṣẹ́ dúró ní òdìkejì tábìlì, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé mo pè ẹ́ lólè ni? Àṣìṣe ni mo pè é. Fọwọ́ sí i, kó o máa lọ sílé ẹ. Ta ni kì í ṣàṣìṣe?"

"Èmi náà máa ń ṣe é, sà. Àmọ́ èyí tí mo bá ṣe ni mo máa ń gbà. Èyí tí mi ò ṣe, ẹ wá ẹni tó ni ín."

"A ti ń wá a," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Obìnrin tó wọlé náà kò ga, kò sì sanra. Bàtà rẹ̀ pẹlẹbẹ, àpò kan kọ́ ọ léjìká, kò sì sí nǹkan lára rẹ̀ tó máa mú kí ènìyàn bojú wẹ̀yìn wò ó lójú títì. Ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé nítorí tínrín rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ti jókòó síwájú rẹ̀ rí mọ ohun tó wà nídìí orúkọ náà: kékeré ni abẹ́rẹ́ wà, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Máníjà fi ẹ̀rín bò ó. "Màdáámù, wọ́n ti dà yín láàmú lásán. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni."

"Nọ́ọ̀sì yín ló pè wá, sà. Ó jọ pé ó ti kọjá ọ̀rọ̀ inú ilé lójú rẹ̀." Abẹ́rẹ́ mú ìwé náà, ó kà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Akọ̀wé mi. Àná ló tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ti ń kọ ohun tó máa jẹ́wọ́ kó tó dé wá jẹ́wọ́. Iṣẹ́ yín mà yá o."

Ohun tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òkúta ni ilé iṣẹ́ náà ń lọ di lẹ́búlẹ́bú fún àwọn tó ń ṣe ọ̀dà àti àwo. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ilé ìwòsàn wọn fi ń ya àwòrán àyà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìlọkúta, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, irú àwòrán tó ń fi inú ẹ̀dọ̀fóró hàn. Àwọn àwòrán náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo pé eruku ń pa àwọn, pé ikọ́ ò jẹ́ kí àwọn sùn. Máníjà ní sìgá tí wọ́n ń mu ni. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ olùwádìí kan máa jókòó láti mọ ẹni tó ń parọ́, àwọn àwòrán yẹn sì ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí àwọn òṣìṣẹ́ ní. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Nọ́ọ̀sì ṣí kọ̀ǹpútà láti kó wọn jọ. Fódà tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ti wábi gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Abẹ́rẹ́ sọ fún Máníjà, "ẹ fi àwa méjèèjì sílẹ̀ ná."

*

Yàrá náà kò fẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan, tábìlì kan, àga mẹ́ta, fèrèsé kan tí ó kọjú sí gbọ̀ngàn ìlọkúta. Eruku funfun bo etí fèrèsé náà. Abẹ́rẹ́ fi ìka fà á, ó wo ìka rẹ̀, ó nù ún mọ́ áńkáṣífì.

"Kí ni wọ́n ń pè ẹ́?"

"Ẹnjiníà ni gbogbo ayé ń pè mí, mà."

"Ẹnjiníà, ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kò ju ibi tí wọ́n ti ń tàn án àti ibi tí wọ́n ti ń pa á. Bá mi sọ ọ́ bíi pé ìyá rẹ ni mí. Kí lo wá ṣe níbí lọ́jọ́ Ajé?"

Ẹnjiníà mí kanlẹ̀. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n, ṣùgbọ́n kò sí omijé níbẹ̀. "Ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà yìí ṣiṣẹ́ ti gbó, mà. Wọ́n ní kí n gbé tuntun sí i. Mo bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní kò sáyè. Gíìgì mẹ́tàdínlógún ló ń fẹ́, mẹ́ta péré ló ṣófo."

"Gíìgì?"

"Òun ni wọ́n fi ń wọn àyè inú rẹ̀, bí a ṣe ń fi lítà wọn epo."

"Ìwọ wá ń wá àyè."

"Mo ń wá àyè, àmọ́ mi ò kì í ṣe é bí ẹni tí iná ń lé jáde nílé. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀." Ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀. Igun ìwé náà ti ká kò, ṣùgbọ́n ìlà inú rẹ̀ gún régé.

Abẹ́rẹ́ kà á sókè. "Apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, márùn-ún."

"Ohun tí wọ́n ti sọ nù ni, mà. Kọ̀ǹpútà máa ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Bí ẹ ò bá da apẹ̀rẹ̀ náà nù, ó ṣì ń gbàyè."

"Pàǹtí ojoojúmọ́, mẹ́fà."

"Èyí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń kó jọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́."

"Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọn ò lò, mẹ́rin. Fíìmù, mẹ́jọ. Fíìmù kẹ̀? Níbí?"

"Fíìmù, mà. Ìyẹn lólúwa, mi ò lè pa á rẹ́. Mo kó o sínú háàdì, àpótí kékeré tí mo fi ń kó nǹkan inú kọ̀ǹpútà kiri, kí ẹni tó ni ín lè wá gbà á."

Abẹ́rẹ́ fi ìka ṣírò. "Mẹ́tàlélógún. Fi mẹ́ta tó wà nílẹ̀ kún un, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Mo gbé ètò tuntun sí i, ó sì parí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà bí mo ṣe máa ń ṣe. Gíìgì mẹ́sàn-án ló ṣófo nígbà tí mo kúrò níbí. Láti àná, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́."

"Àwọn àwòrán àyà ńkọ́?"

"Mi ò ṣí wọn, mà, kò kàn mí. Ìwúwo wọn nìkan ni mo rí nígbà tí mo ń wo ohun tó gbàyè: gíìgì mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn ló pọ̀ jù níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín ìbínú. "Ohun tí wọ́n fi mú mi náà nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó ń wá àyè, ibi tí àyè pọ̀ sí ló máa nawọ́ sí."

Ẹ̀sùn náà mọ́gbọ́n dání, ohun tí kò jẹ́ kó tẹ́ Abẹ́rẹ́ lọ́rùn gan-an nìyẹn. Irọ́ tí wọ́n bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ hun, ó máa ń dán ju òótọ́ lọ.

*

Máníjà kò jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e.

"Háàdì tó wà nínú àpò rẹ̀ yẹn, ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé kò lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló kó wọn sí, kó lè tà wọ́n?"

"Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò," ni Ẹnjiníà dáhùn, ó sì fi háàdì náà lé tábìlì gbàm̀.

Wọ́n ṣí i. Eré bọ́ọ̀lù mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ti ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ìyókù jẹ́ fíìmù ìfẹ́ kan tó ní apá ogójì. Nọ́ọ̀sì, obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, yáa kọjú sí fèrèsé.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ni Abẹ́rẹ́ wí jẹ́jẹ́.

"Bí aláìsàn ò bá sí ni, mà."

"Ṣé ọkùnrin náà fẹ́ ẹ nígbẹ̀yìn?"

"Mi ò tíì débẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Máníjà kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde, ó sì ń tẹ fóònù bó ṣe ń lọ.

Ó wá ku kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ Máníjà, ọ̀kan lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ya àwòrán. Ìyá tó ń gbálẹ̀ sọ fún Abẹ́rẹ́ ní kọ́rídọ̀ pé kí aago méje tó lù láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun rí Nọ́ọ̀sì tó ń sáré jáde nínú yàrá náà, tó di nǹkan mọ́ àyà.

"Sáré báwo, Ìyá?"

"Bí ẹni tó jí nǹkan gbé."

Abẹ́rẹ́ padà sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì. "Kí lẹ dì mọ́ àyà láàárọ̀ àná?"

"Báńdéèjì! Ẹ̀rọ ló ká ọkùnrin kan lọ́wọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn la ń kó báńdéèjì sí. Ẹ pè é wá."

Wọ́n pè é. Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú ìka tí wọ́n di ràgàjì. Kó tó lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ikọ́ gbé e. Ó wúkọ́ títí ó fi di ara ògiri mú. Nígbà tó tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ìka mi."

"Mo ti rí i," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ó ti rí ju ìyẹn lọ.

*

Ọkùnrin tó ń ya àwòrán náà ló kàn. Bàbá Eegun ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí pé ó mọ eegun ìhà oníkálukú ju bó ṣe mọ ojú wọn lọ. Ó tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, oníwà jẹ́jẹ́ ni, kò sì yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò ẹ̀wù funfun rẹ̀.

"Bàbá, iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ yín ló sọnù yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí. Kí la wá fẹ́ ṣe? Ohun tó ti lọ ti lọ."

"Ta lẹ rò pé ó ṣe é?"

Ó wo ilẹ̀. "Ọmọ yẹn ń wá àyè. Àṣìṣe ò kọ ẹnikẹ́ni."

Abẹ́rẹ́ wò ó títí. Ẹnu ọkùnrin yìí ń ṣọ̀fọ̀, ojú rẹ̀ ò sí níbi òkú.

Fóònù Abẹ́rẹ́ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ni.

"Abẹ́rẹ́, máa bọ̀. Fáìlì ló sọnù, wọn ò pa ènìyàn."

"Ká ní ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́ níbí, sà, ẹ ò ní sọ bẹ́ẹ̀."

"Máníjà yẹn ti pe àwọn tó ju èmi lọ. Àṣẹ ni mo ń pa fún ẹ."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ kọ àṣẹ náà sínú ìwé, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Bó bá ti dé, mo ti kúrò."

"Ìwọ obìnrin yìí!" Ọ̀gá gé fóònù. Ìwé kankan kò dé.

*

Ọkùnrin kan ló dé dípò ìwé. Àpò irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, páálí kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì. Máníjà ló ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá.

"Díìsìkì tuntun, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo nǹkan sí, ló gbé wá," ni Máníjà wí. "Ó máa yọ ti àtijọ́, kó fi èyí sí i, kí iṣẹ́ lè máa lọ. Ti àtijọ́ máa wọ inú ẹ̀rọ ìlọkúta, torí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn aláìsàn wà lórí rẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ ni."

Ọkùnrin náà fa irin tí wọ́n fi ń tú ìdè kọ̀ǹpútà yọ, ó tẹ̀ síwájú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Igbe náà pọ̀ débi pé ọkùnrin náà jẹ́ kí irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́. Bàbá Eegun ló ké. Ó ti yọ ọwọ́ méjèèjì nínú àpò, ó nà wọ́n síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń já bọ́. Nígbà tó rí i pé gbogbo ènìyàn ń wo òun, ó rọra dá ọwọ́ padà.

"Mo... mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù ni."

Abẹ́rẹ́ ṣí àpò rẹ̀, ó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, ó fi ẹnu kan kọ́ irin tó wà lẹ́yìn àpótí kọ̀ǹpútà, ó fi ẹnu kejì kọ́ ẹsẹ̀ tábìlì tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Kaṣá! Kaṣá!

"Mo ti mú un," ni ó wí.

"Kí lẹ mú?" ni Máníjà bi í, ojú rẹ̀ ti ràn. "Ohun ìní ilé iṣẹ́ ni! Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́!"

"Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pe agbẹjọ́rò fún un, sà. Ní báyìí, ó wà ní àhámọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, mo ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mìíràn nílé." Ó yí sí ọlọ́díìsìkì náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n á san owó ọkọ̀ yín."

Ọkùnrin náà kò dúró gbọ́ ìyókù.

*

Nígbà tí yàrá ṣófo, tí ó ku òun àti Ẹnjiníà, Abẹ́rẹ́ fa àga súnmọ́ kọ̀ǹpútà.

"Gbọ́. Bí mo bá gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá yẹn jáde nínú yàrá yìí, kí lo máa rí?"

"Àyè, mà."

"Àyè mélòó ló wà nínú ẹni tí mo dè yìí báyìí?"

Ẹnjiníà tẹ bọ́tìnnì méjì. Ó wò ó. Ó tún un wò. "Mẹ́sàn-án."

"Mélòó lo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

"Mẹ́sàn-án." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mà! Ká ní wọ́n pa gíìgì mọ́kànlélọ́gbọ̀n rẹ́ lẹ́yìn tí mo lọ, ogójì ló yẹ ká bá!"

"Ká ní ìwọ lo pa á rẹ́ kí o tó gbé ètò tuntun sí i ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ogójì ni ì bá ti wà nínú fọ́tò tí mo yà. Mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wà lára rẹ̀."

"Àbí ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí?"

Ó tẹ̀ ẹ́. "Ó ṣófo."

"Ẹrù ò jáde nìyẹn. Wọ́n kàn sún un sí kọ̀rọ̀ ni. Láti àná ni wọ́n ti ń bi ara wọn pé ta ló kó o lọ, ẹnikẹ́ni ò bi yàrá pé àyè dà." Abẹ́rẹ́ fi ìka kan tábìlì. "Má wá a pẹ̀lú orúkọ o. Orúkọ ni ẹni tó ń sá máa ń kọ́kọ́ yí. Ìwúwo ni kó o fi wá a. Èyí tó wúwo jù ni kó ṣáájú."

Ẹnjiníà tẹ̀ ẹ́, àwọn fódà sì tò lọ sílẹ̀, láti orí èyí tó wúwo jù dé orí èyí tó fúyẹ́ jù. Àwọn méjèèjì kà á lẹ́ẹ̀kan náà: Ìwé Ìlò Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé. Gíìgì mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré yẹn?" ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ìwé ìlò rẹ̀ á kún ilé ìkàwé mẹ́ta."

Ẹnjiníà ṣí i. Eegun ìhà funfun yọ lójú kọ̀ǹpútà, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn, òmíràn. Ìgbà yẹn ni omijé tí kò sun láti ọjọ́ méjì wá jábọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kíá, ó sì bínú sí i.

"Ta ló ṣe báyìí sí mi, mà?"

"Pe Bàbá Eegun wá fún mi."

*

Ó wọlé, ó rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un níjòkòó.

"Bàbá," ni Abẹ́rẹ́ wí, "gbogbo ẹni tó wà níbí nígbà tí díìsìkì tuntun dé ló gbà pé àwòrán ti parẹ́. Ẹni tó gbà pé àpótí ṣófo kì í jà nítorí àpótí. Ẹ̀yin jà."

Bàbá Eegun fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ kan, ó sún un síwájú. Máníjà ló fi ránṣẹ́, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: *Wá àyè nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Àwòrán àyà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Kó parí kí aago mẹ́jọ tó lù.*

"Mo jókòó sí àga yìí," ni Bàbá Eegun wí. "Mo ti sàmì sí gbogbo wọn, ó ku kí n tẹ bọ́tìnnì kan. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ti àbúrò mi. Ìyá kan náà ló bí wa. Èmi ni mo mú un wọṣẹ́ níbí. Oṣù kẹta rèé tí a sin ín. Ẹni tí kì í fẹ́ fọ́tò ni, bí ẹ bá gbé kámẹ́rà, á fi ọwọ́ bojú. Mi ò ní fọ́tò rẹ̀ kan lẹ́yìn tó dàgbà. Àyà rẹ̀ nìkan ni mo ní." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ọwọ́ mi kọ̀. Mo yí orúkọ fódà náà padà, mo sún un sábẹ́ fódà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo sọ fún Máníjà pé mo ti pa á rẹ́. Mo ní bí ariwo bá lọ sílẹ̀..."

"Ariwo wo?" Ẹnjiníà ti dìde. "Èmi ni ariwo náà! Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń pè mí ní aláìmọṣẹ́! Ẹ jókòó níbí láàárọ̀ yìí, ẹ wo ojú mi, ẹ ní àṣìṣe ò kọ ẹnikẹ́ni!"

"Ọmọ mi, iṣẹ́ mi—"

"Èmi náà ń ṣiṣẹ́, Bàbá!"

Àgbàlagbà náà sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹnjiníà di apá rẹ̀ mú kó tó kanlẹ̀, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́.

"Ẹ dìde. Mi ò fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ inú kọ̀rọ̀. Níwájú gbogbo wọn lọ́la, ẹnu yín ni mo fẹ́."

*

Máníjà ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó sì jọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Kí ló burú níbẹ̀? Àyè ni mo ní kó wá. Ṣebí Ẹnjiníà yìí fúnra rẹ̀ ló pariwo pé kò sáyè, pé ètò tuntun ò lè wọlé. Mi ò kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà. Mo rò pé wọ́n ní ẹ̀dà àwòrán náà níbòmíràn."

"Òótọ́ lẹ sọ, ó pariwo," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Ìgbà wo ló pariwo?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Ìgbà wo ni ètò tuntun wọlé tán?"

Máníjà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀, ìwé tí Ẹnjiníà máa ń mú kí oníbàárà fọwọ́ sí. "Iṣẹ́ parí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́ Ajé. Ta ló fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ yìí? Ọwọ́ yín mà dára o, sà. Àtẹ̀jíṣẹ́ yín jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àlejò ti wọlé, ó ti sùn, ó ti jí, ẹ wá ń wá ibi tó máa jókòó sí? Ètò tuntun ò nílò àyè mọ́ nígbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀. Ẹ fẹ́ kí ibi tí ẹ̀rí wà ṣófo kó tó di Ọjọ́bọ̀, ẹ sì ti rí ẹni tí ẹ máa tì í sí lọ́rùn, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa pa nǹkan rẹ́."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí mò ń bá jẹun?"

"Mi ò bèèrè oúnjẹ, sà. Ẹ dìde, ká máa lọ."

Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ òun wà lọ́rùn kọ̀ǹpútà. Ó di í lápá mú bẹ́ẹ̀.

*

Gbọ̀ngàn tí ìgbìmọ̀ jókòó sí lọ́jọ́ kejì kún dé ẹnu ọ̀nà. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó ní àwòrán tí ó ti sọnù tí a sì tún rí, kò yẹ fún ẹ̀rí. Ó ní ẹni tó kó o pamọ́ gan-an kò gbọdọ̀ lẹ́nu láti sọ̀rọ̀.

Bàbá Eegun dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó kọ́kọ́ yíjú sí ibi tí Ẹnjiníà jókòó sí.

"Ọmọ yìí kò pa ohunkóhun rẹ́. Èmi ni mo kó o pamọ́, mo sì jẹ́ kí ìyà tèmi jẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá fẹ́ lé mi níṣẹ́, kó lé mi. Àmọ́ èmi ni mo ya gbogbo àwòrán náà, mo sì mọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Ẹnjiníà ò rẹ́rìn-ín sí i. Ó kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀dà mẹ́ta àwọn àwòrán náà ló ti ṣe; ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́, ó sì kọ̀ láti sọ ibi tí ìkẹta wà fún ẹnikẹ́ni.

Àwòrán mẹ́jọ yọ lára ògiri, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, àyà ọkùnrin kan náà. Ní ọdún kìíní, ẹ̀dọ̀fóró náà dúdú bó ṣe yẹ, ó mọ́ kedere. Ní ọdún kẹta, ó ti ní àmì funfun kéékèèké bí ìyẹ̀fun tí wọ́n wọ́n sí aṣọ. Ní ọdún kẹjọ, funfun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀.

"Ta ni èyí?" ni alága ìgbìmọ̀ bèèrè.

"Àbúrò mi ni, sà. Kò mu sìgá rí."

Agbẹjọ́rò fò dìde. "Ẹnì kan ṣoṣo! Ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí!"

Ìjókòó kan dún ní ẹ̀yìn. Ọkùnrin oníka-dídì ni. Ó di àga iwájú rẹ̀ mú, ó mí, ó tún mí, kí ọ̀rọ̀ tó lè jáde.

"Ẹ gbé tèmi síbẹ̀."

Obìnrin kan dìde lápá òsì. "Èmi ló tẹ̀ lé e. Ẹ gbé tèmi náà."

Àwọn méjì dìde lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ìlà kan odindi. Alága lu tábìlì pé kí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n wọn ò jókòó. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n sì ń dúró de àyà ara wọn lára ògiri.